Abẹ́rẹ́ Ẹ̀yìn ní Ọjọ́ Ìkúnlẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ìkàwé tí ẹ ó ka ọ̀rọ̀ yìí sókè fún àwọn ẹlòmíràn, ẹ máa kà á díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá kan ibi tí kò yé yín, ẹ dúró, ẹ tún un kà.

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí jẹ mọ́ ìkúnlẹ̀ abiyamọ. Ó jẹ mọ́ abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n máa ń gún sí ẹ̀yìn aboyún nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ yìí ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn kan ní ó ń sọ obìnrin di arọ. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ó bá gbà á kò ní lè ru igi mọ́, kò sì ní lè ro oko mọ́. Nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ọkọ mìíràn yóò ní kí wọ́n dúró ná, kí òun lọ bi ẹbí léèrè. Níbi tí wọ́n ti ń bi ara wọn léèrè, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ìyá, agbára ọmọ sì ń tán nínú. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà ní gbangba.

Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, kí a pè é ní Àbẹ̀kẹ́. Àbẹ̀kẹ́ kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ó lè jẹ́ ìyàwó rẹ, ó lè jẹ́ ọmọ rẹ, ó lè jẹ́ ìwọ fúnra rẹ. Àbẹ̀kẹ́ ti ń rọbí láti àná. Agbẹ̀bí ṣe é títí, ọmọ kò wá. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọmọ dábùú nínú, kò lè gba ojú ara jáde, àfi kí àwọn ṣe iṣẹ́ abẹ. Ọkọ rẹ̀ gbà, Àbẹ̀kẹ́ náà gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọn yóò gún un, ìyá ọkọ rẹ̀ figbe ta: «Ẹ má gún ọmọ mi lẹ́yìn o! Ẹ má sọ ọ́ di arọ fún mi!»

Kí ni kí a sọ fún ìyá yìí? Ẹ má ṣe bú u. Ìfẹ́ ni ó mú un kígbe. Àlàyé ni ó yẹ kí a ṣe fún un, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀.

BÍ Ẹ̀YÌN WA TI RÍ

Fi ọwọ́ kan àárín ẹ̀yìn rẹ. Ìwọ yóò rí i pé eegun ibẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Wọ́n tò léra wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Ihò sì wà láàárín wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ihò inú ìlẹ̀kẹ̀. Inú ihò yìí ni okùn kan gbà, tí ó ti inú ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀. Okùn yìí ni ó ń jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Òun náà ni ó ń gbé ìròyìn ìrora padà lọ sí ọpọlọ. Bí ènìyàn bá já láti orí ọ̀pẹ, tí okùn yìí sì já, ẹsẹ̀ onítọ̀hún lè rọ títí ayé. Ohun tí àwọn àgbà ti rí nìyí. Nítorí náà ẹ̀rù tí ń bà wọ́n kì í ṣe ẹ̀rù lásán.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Okùn náà kò gùn dé ìdí. Lára àgbàlagbà, ó máa ń parí díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ibi tí eegun ìhà parí sí. Láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀, kìkì iṣan tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó kù, tí wọ́n so rọ̀ nínú omi kan tí ó mọ́ gaara.

Ẹ mọ ìrùkẹ̀rẹ̀ tí àwọn ọba wa máa ń mú lọ́wọ́. Èèkù rẹ̀ dàbí okùn yẹn, irun rẹ̀ sì dàbí àwọn iṣan tí a wí. Àwọn dókítà pàápàá, ìrù ẹṣin ni wọ́n pe ibẹ̀ nínú ìwé wọn. Bí o bá ki irun ìrùkẹ̀rẹ̀ bọ inú omi, tí o wá ti abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bọ àárín rẹ̀, irun yóò yà fún abẹ́rẹ́. Níbi irun yìí ni wọ́n ń gún. Wọn kì í gún ibi tí èèkù wà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ibẹ̀? Fi ọwọ́ rẹ méjèèjì di ìbàdí mú. Ìwọ yóò kan eegun ìbàdí lọ́tùn-ún àti lósì. Bí a bá fa ìlà láti orí eegun ọ̀tún dé orí ti òsì, ìlà náà yóò kọjá lórí eegun kẹrin nínú eegun márùn-ún tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Àlàfo tí ó wà lókè eegun yìí, tàbí èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ni wọ́n sábà ń lò. Àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà máa ń kọ́ èyí dáadáa kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan aláìsàn.

OHUN TÍ WỌN YÓÒ ṢE

Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni òṣìṣẹ́ akunilóòrun. Iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó mú ọ̀bẹ dání. Bí ọlọ́bẹ ti ń ṣiṣẹ́ lórí ikùn, òun ni ó ń ṣọ́ ẹ̀mí Àbẹ̀kẹ́.

Yóò kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ sí iṣan ọwọ́ rẹ̀, kí omi lè máa wọ ara. Yóò wọn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń sáré. Lẹ́yìn náà yóò ní kí Àbẹ̀kẹ́ jókòó, tàbí kí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí ó ká kò, kí ó fi àgbọ̀n kan àyà, kí ó tẹ ẹ̀yìn sóde bí ológbò tí inú bí. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, àlàfo àárín eegun yóò ṣí. Yóò fi oògùn tútù nu ẹ̀yìn rẹ̀ kí ìdọ̀tí má bàa bá abẹ́rẹ́ wọlé. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ibẹ̀ mọ́.

Ohun tí a ń bẹ Àbẹ̀kẹ́ ni pé kí ó má mira. Bí ọmọ bá ń mú un, kí ó sọ. Wọn yóò dúró kí ìrora náà lọ sílẹ̀. Kí ó má kàn fò dìde lójijì.

Abẹ́rẹ́ náà gùn, ṣùgbọ́n ó tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an. Nígbà tí omi mímọ́ yẹn bá kán jáde láti ẹnu rẹ̀, òṣìṣẹ́ mọ̀ pé òun ti dé ibi tí òun ń lọ. Yóò ta oògùn díẹ̀ sínú omi náà. Oògùn tí wọ́n sábà ń lò ni bupivacaine. Kò pọ̀ rárá: bíi ìdajì ṣíbí kékeré ni. Lẹ́yìn èyí yóò yọ abẹ́rẹ́ kúrò. Kò sí irin kankan tí ó kù sí ẹ̀yìn Àbẹ̀kẹ́.

Kò ní pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi móoru, tí yóò wúwo, tí yóò sì kú tipiri. Ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú 5 sí 10, ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ títí dé àyà kò ní mọ ìrora mọ́. Wọn yóò dán an wò kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án. Ó lè mọ̀ pé wọ́n ń fọwọ́ tì í, pé wọ́n ń fà á, bí ẹni tí ó ń wá nǹkan nínú àpò, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó dùn ún. Bí ó bá dùn ún, kí ó sọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nígbà mìíràn oògùn kì í mú dáadáa, wọn yóò sì wá ọ̀nà mìíràn.

Ohun kan tún wà. Abẹ́rẹ́ yìí máa ń mú kí agbára ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀. Òòyì lè kọ́ Àbẹ̀kẹ́, èébì lè gbé e. Kí ó má ṣe dákẹ́, kí ó má sọ pé ojú ń ti òun. Òṣìṣẹ́ ní oògùn tí yóò fi gbé agbára ẹ̀jẹ̀ sókè. Yóò sì mú kí Àbẹ̀kẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ tẹ̀ sí apá òsì díẹ̀, kí ilé ọmọ má bàa tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn.

Bí ẹsẹ̀ bá kú báyìí, ìgbà wo ni yóò jí? Lẹ́yìn wákàtí 2 sí 4, ẹsẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jí díẹ̀díẹ̀. Oògùn náà kò já iṣan, kò sì sun ún. Ó kàn dí ọ̀nà fún un ni. Bí a bá dí ọ̀nà ọjà fún wákàtí mélòó kan nítorí orò, ṣé ọ̀nà náà bàjẹ́ ni? Kò bàjẹ́. Nígbà tí a bá ṣí i, àwọn ọlọ́jà yóò tún máa gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀jẹ̀ ara ni yóò kó oògùn náà lọ, ọ̀nà yóò sì ṣí.

A kò ní purọ́ fún yín. Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ènìyàn tí kò ní ewu tirẹ̀. Ìpalára iṣan tí ń wà títí lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n gidigidi. Ọmọ tí ó dábùú tí a kò tètè gbé jáde, ewu tirẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Òun ni ó lè pa ìyá àti ọmọ pọ̀ ní ọjọ́ kan náà.

ÈÉṢE TÍ WỌN KÒ FI KÀN KÙN ÚN LÓORUN?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ó sàn kí obìnrin sùn fọnfọn. Ó ṣeé ṣe, wọ́n sì máa ń ṣe é nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sùn bẹ́ẹ̀ kò lè dáàbò bo ọ̀nà ọ̀fun ara rẹ̀. Bí oúnjẹ bá wà ní ikùn rẹ̀, ó lè gòkè wá, kí ó wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀fun aboyún sì máa ń wú, tí kì í rọrùn láti fi ọ̀pá èémí sí i. Ẹni tí ó gba abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń mí fúnra rẹ̀. Díẹ̀ péré nínú oògùn náà ni ó ń dé ara ọmọ. Nígbà tí ọmọ bá sì ké, Àbẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn yẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ bá ti dà lára obìnrin, bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í bá tètè dì, bí eéwo bá wà ní ibi tí wọn yóò gún, tàbí bí àìsàn gbígbóná kan bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, dókítà lè yàn láti kùn ún lóorun. Bí wọ́n bá yàn bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ìyà ni wọ́n fi jẹ yín.

ABẸ́RẸ́ KEJÌ TÍ Ó JỌ Ọ́

Irú abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn mìíràn tún wà, tí ẹ lè gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá. Péridurale ni wọ́n ń pè é. Dókítà ológun kan ní ilẹ̀ Sípéènì, Fidel Pagés, ni ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1921. Abẹ́rẹ́ tirẹ̀ kì í wọ inú omi yẹn. Ó máa ń dúró ní àlàfo tí ó wà lóde awọ tí ó bo omi náà. Wọn yóò ti okùn rọ́bà tín-ín-rín kan gba inú abẹ́rẹ́ wọlé, wọn yóò yọ abẹ́rẹ́, wọn yóò sì fi okùn rọ́bà sílẹ̀, kí wọ́n lè máa ta oògùn sí i bí wákàtí ti ń lọ. Oògùn tí ó ń fẹ́ pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó mú, bíi ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ó dára fún ẹni tí ó ń rọbí fún ìgbà pípẹ́. Bí ẹ bá rí okùn rọ́bà ní ẹ̀yìn obìnrin, ẹ má fà á yọ. Òṣìṣẹ́ ni yóò yọ ọ́.

ẸNI TÍ Ó KỌ́KỌ́ ṢE É, ÀTI Ẹ̀FỌ́RÍ RẸ̀

Kì í ṣe ọmọ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ yìí dán wò. Dókítà kan wà ní ìlú Kiel ní ilẹ̀ Jámánì, August Bier ni orúkọ rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1898, ó gún òṣìṣẹ́ kan lẹ́yìn kí ó tó ṣe iṣẹ́ abẹ ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà kò mọ ìrora. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, Bier ní kí olùrànlọ́wọ́ òun, Hildebrandt, gún òun pẹ̀lú. Ìgò abẹ́rẹ́ kò bá abẹ́rẹ́ mu, omi ẹ̀yìn Bier dà nù, iṣẹ́ náà kò sì yọrí. Ni òun náà bá gún Hildebrandt. Ó fi òòlù irin lu eegun ẹsẹ̀ rẹ̀, Hildebrandt kò mọ ìrora. Àwọn méjèèjì fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́rí ńlá mú wọn, Bier sì wà lórí ibùsùn fún ọjọ́ púpọ̀.

Kí ni ó fa ẹ̀fọ́rí náà? Abẹ́rẹ́ ìgbà náà nípọn. Ihò tí ó lu sí awọ tóbi, omi sì ń jò. Abẹ́rẹ́ òde òní tẹ́ẹ́rẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyí tí ẹ̀fọ́rí náà kò fi wọ́pọ̀ mọ́. Síbẹ̀, bí ẹ̀fọ́rí bá mú Àbẹ̀kẹ́ ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, tí ó ń le nígbà tí ó bá jókòó tàbí tí ó bá dìde, tí ó sì ń rọlẹ̀ nígbà tí ó bá dùbúlẹ̀, kí ó sọ fún àwọn ilé ìwòsàn. Wọ́n mọ ìtọ́jú rẹ̀. Kì í ṣe pé ayé ń bá a jà.

OHUN TÍ A KÒ GBỌ́DỌ̀ FI PAMỌ́

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Àbẹ̀kẹ́. Òṣìṣẹ́ bi í pé: «Ìgbà wo lo jẹun kẹ́yìn?» Ìyá ọkọ rẹ̀ ti fún un ní ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé, kí ó lè lágbára. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá sọ, wọn yóò bínú sí àwọn. Wọ́n ní: «Kò jẹ nǹkan kan.»

Ẹ̀yin ará, irọ́ yìí lè pa ènìyàn. Bí abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn kò bá mú dáadáa, tí wọ́n wá ní láti kùn ún lóorun, ẹ̀kọ yẹn lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀, yóò fún un ní oògùn tí ń pa ìkan inú ikùn, yóò sì múra sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún obìnrin ṣáájú, kí ó má jẹ oúnjẹ líle fún wákàtí 6, omi lásán kò sì gbọ́dọ̀ wọ ọ̀fun mọ́ bí ó bá ku wákàtí 2.

Níhìn-ín ni ìwé kíkọ ti wúlò. Kí oyún tó pé oṣù mẹ́jọ, ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí sí i, kí ẹ sì fi í sínú ìwé ìtọ́jú oyún:

1. Oògùn tí aboyún ń lò, ti òyìnbó àti àgbo pẹ̀lú.
2. Oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀ rí.
3. Àìsàn tí ó ń ṣe é: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, àìsàn ọkàn, ikọ́ fée.
4. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í bá tètè dá nígbà tí ó bá fara gbọgbẹ́, tàbí bí ó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.
5. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣe fún un rí.

Ní ọjọ́ ìrọbí, ẹ wá kọ wákàtí tí ó jẹun kẹ́yìn sísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ọ̀nà bá jìn, tí ara ń ro ó, tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, bébà yẹn ni yóò sọ̀rọ̀ fún un.

LẸ́YÌN IṢẸ́ ABẸ

Kí Àbẹ̀kẹ́ má ṣe dìde lóun nìkan ní ìgbà àkọ́kọ́. Kí ẹnì kan di í mú, nítorí ẹsẹ̀ lè ṣì fúyẹ́. Kí ó fún ọmọ ní ọmú. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn kò dí ìyẹn lọ́wọ́. Ẹ̀yìn lè máa ro ó díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀yìn ríro tí ó ń pẹ́ lẹ́yìn ìbímọ wọ́pọ̀ lára àwọn tí kò gba abẹ́rẹ́ yìí rí pẹ̀lú, nítorí ẹrù oyún àti ìbẹ̀rẹ̀ lórí ọmọ.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n sáré padà sí ilé ìwòsàn bí ẹsẹ̀ bá kọ̀ láti jí, tàbí bí ó bá jí tí ó tún kú. Bí kò bá lè tọ̀. Bí ibà bá mú un tí ọrùn sì gan. Tàbí bí ibi tí wọ́n gún bá wú, tí ó ń ṣe ọyún. Ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì.

Ẹ̀yin ará, àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn kì í ṣe ohun eré. Ọwọ́ ẹni tí ó kọ́ ọ ni ó yẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí a mọ̀ kì í dẹ́rù bani bí ohun tí a kò mọ̀. Bí ìyá ọkọ Àbẹ̀kẹ́ bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìrùkẹ̀rẹ̀ yìí ṣáájú ọjọ́ náà, kò ní kígbe. Òun ni yóò di ọwọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ mú, tí yóò sọ fún un pé: «Ọmọ mi, ká kò, má mira. Ẹsẹ̀ rẹ yóò jí.» Ẹ lọ sọ ọ́ fún un nílé nísinsìnyí, kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó dé.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ ÌKÀWÉ

1. Níbo ni okùn inú ẹ̀yìn parí sí? Níbo ni wọ́n ń gún?
2. Èéṣe tí ẹsẹ̀ fi ń kú, èéṣe tí ó fi ń jí?
3. Kí ni ewu tí ó wà nínú fífi oúnjẹ tí a jẹ pamọ́?
4. Ta ni nínú agbo ilé yín tí ó lóyún? Ta ni yóò bá a kọ bébà rẹ̀?

Ó dìgbà mìíràn o. Kí á gbọ́ ohùn ìyá, kí á gbọ́ ohùn ọmọ.